Ijó gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí: Ohun tó Yẹ kí Oyè Ọ̀mọ̀wé nínú Ijó Béèrè

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, ẹni tó bá fẹ́ gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ijó, ìwé ni yóò fi gbà á. Bó ti wù kó mọ ijó jó tó, àpilẹ̀kọ rẹ̀ ni àwọn olùdánwò yóò kà. Èrò mi ni pé ìlànà yìí kò tó fún ẹni tó ń ṣèwádìí ijó Yorùbá. Ó yẹ kí ijó tí akẹ́kọ̀ọ́ jó níwájú onílù wà lára ẹ̀rí tí a ó fi fún un lóyè, kí àgbà onílù tàbí oníjó sì jókòó ti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jẹ́ ká wo ijó bàtá. Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, omele ń gbè é. Oríkì àti òwe tí ìyáàlù ń wí ni oníjó ń gbọ́, tó sì ń fi èjìká àti ẹsẹ̀ dáhùn. Bí onílù bá yí ohùn padà lójijì, oníjó gbọ́dọ̀ bá a yí. Ẹni tí kò gbọ́ ohun tí ìlù ń wí lè gbé ẹsẹ̀ bó ṣe yẹ, síbẹ̀ kó ṣi ijó jó.

Àmì ìkọjó tí onímọ̀ ijó Rudolf Laban gbé jáde ní 1928 wúlò: ó ń fi ẹ̀yà ara tó mì hàn, ibi tó kọjú sí, àti bó ti pẹ́ tó. Fídíò náà ń pa ìrísí ijó mọ́. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè sọ fún olùdánwò bóyá akẹ́kọ̀ọ́ lóye ìlù, tàbí ó kàn há ìgbésẹ̀ sórí. Ìgbà tí onílù bá gbé e gba ibi tí kò retí ni a ó tó mọ̀.

Àwọn tó ṣáájú ti la ọ̀nà yìí. Oníjó ará Amẹ́ríkà, Pearl Primus, wá sí Áfíríkà ní 1948 láti kọ́ ijó lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín. New York University fún un lóyè ọ̀mọ̀wé ní 1978, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún lórí ìtàgé. Inaicyra Falcão dos Santos, ọmọ oníṣẹ́ ọnà Mestre Didi, dàgbà nínú ìdílé olórìṣà ní Salvador, ní Brazil. Ó kọ́ ijó ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Bahia, tó dá ilé-ẹ̀kọ́ ijó sílẹ̀ ní 1956, ó sì gboyè kejì ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó gboyè ọ̀mọ̀wé ní São Paulo. Lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, ara ló kọ́kọ́ mọ̀, kí ìwé tó tẹ̀ lé e. Ìmọ̀ ara yìí ni yunifásítì ń jẹ lára rẹ̀, síbẹ̀ kì í fún un ní máàkì.

Àtakò tó lágbára jù ni pé ìdájọ́ ijó kò ju ohun tó wu ojú olùwòran lọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tí onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà, Robert Farris Thompson, ń ṣe ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́ ọnà àti ijó Áfíríkà, tó jáde ní 1974, ó bi àwọn ará ìlú léèrè ohun tí wọ́n fi ń mọ ijó tó dáa, Yorùbá sì wà lára wọn. Wọ́n ní òṣùwọ̀n tiwọn. Àwọn àgbà wa mọ ohun tí wọ́n ń wò: Ṣé oníjó gbọ́ ìlù? Ṣé ó wọlé lásìkò? Ṣé ojú rẹ̀ tutù bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́? Ṣé ó mọ ibi tí ìlù parí sí? Ìbéèrè tó ṣeé ṣàlàyé, tó sì ṣeé jiyàn lé lórí ni gbogbo wọn.

Nítorí náà, kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ijó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ èdè ìlù lágboolé àyàn, ìyẹn ìdílé onílù, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé. Nígbà ìdánwò, kó jó sí ìlù onílù tí kò bá ṣeré rí, kó sì fi àpilẹ̀kọ rẹ̀ ṣàlàyé ìdáhùn tó fún ìlù náà. Kí wọ́n kọ ìdájọ́ àgbà onílù sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, kí wọ́n sì san owó iṣẹ́ fún un bí wọ́n ti ń san án fún olùdánwò láti yunifásítì mìíràn. Oyè tí a bá gbà báyìí yóò níyì lójú àwọn ọ̀mọ̀wé àti lójú àwọn tó ni ijó.