Páìnì, Koríko àti Ẹja Ìbílẹ̀ New Zealand

Igi kan kì í dágbó ṣe. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò fara sin: igi pọ̀ kó tó di igbó. Òwe yìí ì bá bá àwọn tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu oko páìnì ní New Zealand lára mu. Níbẹ̀, irú igi kan ṣoṣo, tí wọ́n kó wá láti etíkun California, ti gba ilẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ hẹ́kítà. Wọ́n ní èyí kì í ṣe igbó, pé ẹja ìbílẹ̀ kò lè rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Kōkopu abìlà, ẹja ìbílẹ̀ kan tó máa ń sá pamọ́ sínú odò kéékèèké, kì í bèèrè orúkọ igi tó ṣíji bò ó. Omi tútù ló ń fẹ́, àti kòkòrò tó ń já bọ́ látorí ewé; bí kòkòrò bá ti mi ojú omi, ó ti mọ ibi tí oúnjẹ wà. Páìnì tó ti gbó ń pèsè ìwọ̀nyí. Odò inú irú oko bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jọ odò inú igbó àbáláyé ju odò inú pápá màlúù lọ. Ìdúró igi àti gígé rẹ̀ ló yẹ ká fi ìyàtọ̀ sí.

Páìnì a máa lò tó ọdún 25 sí 30 kí àwọn agégẹdú tó dé. Bí wọ́n bá dé, wọ́n lè gé gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè kan láìku ẹyọ kan. Oòrùn á wọlé sínú omi, òjò á gbá erùpẹ̀ wọ odò. Ìyà rẹ̀ kò mọ sórí ẹja tó wà nítòsí: inú òkun ni ọmọ kōkopu ti ń dàgbà kó tó gòkè wá, bí omi bá sì dàrú lẹ́nu odò, ó lè yà síbòmíràn, bí òkè odò ọ̀hún tilẹ̀ mọ́ gaara. Ẹ̀ka díẹ̀ nínú omi dára, ẹja ń sá sábẹ́ rẹ̀. Ti agbègbè Tairāwhiti ní New Zealand kọjá bẹ́ẹ̀: nígbà tí ìjì Gabrielle jà ní oṣù kejì ọdún 2023, àgékù igi táwọn agégẹdú fi sílẹ̀ ya wá látorí òkè, ó kún odò, ó bo etíkun. Òfin ọdún 2017 ní kí wọ́n má gbin páìnì sí mítà 5 àkọ́kọ́ létí odò tí kò fẹ̀ tó mítà 3, àti mítà 10 létí èyí tó tó bẹ́ẹ̀ tàbí tó jù ú lọ. Lójú tèmi, mítà 5 kéré lórí òkè tó dagun.

Kí òwe wa má baà ṣòfò: bí igi kan tilẹ̀ dágbó ṣe fún kōkopu, kò ṣe é fún īnanga, ẹja ìbílẹ̀ mìíràn. Nígbà tí òkun bá kún jù, lákòókò òṣùpá tuntun tàbí àrànmọ́jú, īnanga á gun bèbè tí omi ti bò nítòsí ẹnu odò, á yé ẹyin sí ìdí koríko. Omi á fà, ẹyin á wà lórí ilẹ̀, ìrì ìdí koríko ni kò ní jẹ́ kó gbẹ, títí òkun á fi tún kún. Igi tó ṣú dùdù níbẹ̀ á pa koríko náà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn olóore kan ń gbin igi sí gbogbo bèbè tí wọ́n bá rí. Ní ẹnu odò, kí wọ́n fi wáyà dí màlúù mọ́ ẹ̀yìn, kí wọ́n sì jẹ́ kí koríko ga.