Iná Pápá ní Ilẹ̀ Gánà

Ní ọdún 1983, iná pápá jó ilẹ̀ Gánà bí ẹni pé kò ní kú mọ́. Ọ̀dá ti mú láti 1982. Ọyẹ́ sì gbẹ koríko àti ewé títí dé inú igbó dídí, níbi tí iná kì í sábà wọ̀. Oko kòkó tí baba gbìn sílẹ̀ fún ọmọ di eérú. Ní oṣù kìíní ọdún náà gan-an ni ìjọba Nàìjíríà ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ máa lọ. Ìjọba tiwa ni, ẹ má jẹ́ kí a gbàgbé. Ènìyàn bíi mílíọ̀nù kan padà sí Gánà, wọ́n sì bá ìyàn nílé.

Ìjọba Rawlings ṣe òfin iná pápá ní 1983 kan náà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ panápaná kì í dé ọ̀nà oko. Lójú tiwa, òfin 1990 tí ó rọ́pò rẹ̀ ni ó gbọ́n jù: ó gbé iṣẹ́ náà lé ìgbìmọ̀ agbègbè àti ẹgbẹ́ panápaná àwọn ará ìlú fúnra wọn lọ́wọ́, àwọn tí wọ́n mọ ẹni tí ń sun oko àti ọdẹ tí ń finá lé ẹran, tí wọ́n sì lè kọ́kọ́ dé ibi tí èéfín bá ti yọ.