Pípo irun àgùntàn pọ̀ fún òwú ríran

Pípo irun àgùntàn pọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ nínú èyí tí a ń da oríṣi irun méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ kí a tó fi kẹ̀kẹ́-òwú tàbí ìrànwú ran wọ́n di òwú. Ohun tí irun kan kò ní ni a ń wá lára èkejì. Irun àgùntàn Merino rọ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ gbó bí a bá fi hun ìbọ̀sẹ̀. Ìdí nìyí tí òwú ìbọ̀sẹ̀ fi sábà máa ń ní ìdá 75 irun àti ìdá 25 náílọ́ọ̀nù nínú ọgọ́rùn-ún.

Nínú ilé, pátákó ọlọ́wọ́ méjì tí eyín wáyà wẹ́wẹ́ kún ojú wọn ni a fi ń ṣe é. A ó fi òṣùwọ̀n wọn irun kọ̀ọ̀kan, a ó tẹ́ wọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé ara wọn lórí pátákó kan, a ó sì fi èkejì yà á jẹ́jẹ́. Bí a bá yà á jù, irun yóò já, yóò sì di kókó.

Ìyàtọ̀ gígùn ló sábà máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Irun tí ó gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 lọ a máa ká sórí eyín wáyà. Òòyà onírin gígùn ló yẹ ẹ́. Irun tí ń súnkì nínú omi àti èyí tí kì í súnkì kì í sì í gbé pọ̀ láìjà. Níwọ̀n bí a kò ti lè ya irun tí a ti pò sọ́tọ̀ mọ́, díẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń pò, tí a ó ran, tí a ó sì fọ̀, kí a tó fọwọ́ kan ìyókù.

Àwọ̀ irun kì í yọ́ mọ́ra bí ọ̀dà: láti òkèèrè nìkan ni búlúù àti yẹ́lò ti ń jọ àwọ̀ ewé. Ní àwọn erékùṣù Outer Hebrides ní Skọ́tlándì, a máa ń pa irun Harris Tweed láró kí a tó pò ó, kí a tó ran án, tí fọ́nrán òwú kan fi ń ní àwọ̀ púpọ̀.