Àlìkámà igbó

Koríko tó ń hù fúnra rẹ̀ ní Ísírẹ́lì, Síríà, Tọ́kì àti agbègbè wọn ni. Ìbátan àlìkámà tí à ń fi ìyẹ̀fun rẹ̀ ṣe búrẹ́dì ni, onímọ̀ ewéko Aaron Aaronsohn ló sì rí i ní Rosh Pinna lọ́dún 1906.

Ẹ má fojú èpò wò ó o. Jíìnì kan ń bẹ lára rẹ̀ tó ń jẹ́ Gpc-B1. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó máa ń mú kí ewé tètè gbẹ, kí purotéènì, irin àti síǹkì tó wà nínú ewé náà lè wọ inú ọkà lọ. Lára ọ̀pọ̀ àlìkámà oko lónìí, jíìnì yìí ti sọnù tàbí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ọdún 2006 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Cristobal Uauy, Jorge Dubcovsky àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kéde pé àwọn ti yọ ọ́ sọ́tọ̀.

Báwo ni jíìnì yìí ṣe ń dé inú àlìkámà oko? Wọ́n á mú àlìkámà igbó àti ti oko bímọ pọ̀, wọ́n á sì máa ṣa àwọn ọmọ tó jogún rẹ̀. Ṣùgbọ́n ewé tó bá yá gbẹ jù lè dín ìwọ̀n ọkà kù, ìyẹn ni kò fi bá gbogbo ilẹ̀ mu. Oríṣi àlìkámà oko kan tó ń jẹ́ Lassik, tí wọ́n ṣe ní Kalifọ́níà, ní jíìnì yìí lára.