iPod shuffle

Ẹ̀rọ orin kékeré tí kò ní ojú tí à ń wò bíi ti fóònù. Ilé-iṣẹ́ Apple ti Amẹ́ríkà ló ṣe é, láti oṣù Kìíní ọdún 2005 títí di oṣù Keje ọdún 2017. Ìran mẹ́rin ló ní. Méjì àkọ́kọ́ kì í sọ̀rọ̀. Ní 2009 ni VoiceOver, ohùn tó ń ka orúkọ orin àti ti olórin sétí, dé sórí ìran kẹta. Àmọ́ wọ́n kó bọ́tìnnì lọ sára okùn ìgbọ́rin, ìpinnu tí kò bọ́gbọ́n mu rárá.

Ìran kẹrin, ti 2010, ló rọ afọ́jú lọ́rùn jù. Gíráàmù 12.5 péré ni, ó sì ṣeé há mọ́ aṣọ. Bọ́tìnnì padà sójú rẹ̀ ní róbótó, ìka lásán ti tó láti dá wọn mọ̀: àárín ń tan orin, ó ń dá a dúró, òkè àti ìsàlẹ̀ ń darí ohùn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń pààrọ̀ orin. Bọ́tìnnì VoiceOver wà lọ́tọ̀, ní etí òkè ẹ̀rọ náà. Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, wàá gbọ́ orúkọ orin. Lẹ́ẹ̀mejì, bí bátìrì ṣe kù sí. Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, yóò ka àkójọ orin rẹ.

Yorùbá kò sí lára àwọn èdè tó ń sọ, nítorí náà ẹnu òyìnbó ló fi ń pe orúkọ orin jùjú. Inú kọ̀ǹpútà, nípasẹ̀ ètò Apple bíi iTunes, ni orin àti ohùn náà ti ń wọlé. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà kò lè fi orin tuntun kún un.