Asọ̀rọ̀mágbèsì: Ìtàn Ilé-Iṣẹ́ Rédíò WNBS, Ìbàdàn

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ rédíò oníwáyà ní Èkó. Ìbàdàn gba tirẹ̀ ní 1939. Àpótí kékeré ni wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri; wáyà ni ó ń gbé ohùn wá sínú rẹ̀, púpọ̀ nínú ohun tí ó ń sọ sì ti Lọ́ńdọ̀nù wá. Onílé lè dín ohùn rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n kò lè yan ohun tí yóò gbọ́. Àwọn baba wa wò ó títí, wọ́n sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ‘a-’ ni a fi ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yìí: ohun tí ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì.

Ọdún 1953 fi hàn pé orúkọ náà kì í ṣe àwàdà lásán. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, Anthony Enahoro dá àbá ní ilé aṣòfin pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara-ẹni ní 1956. Àbá yìí dá ìjà sílẹ̀, àwọn mínísítà Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ sì fi ipò wọn sílẹ̀. Gómìnà Macpherson bọ́ sórí rédíò, ó bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ béèrè àyè láti fèsì. Wọn kò fún un. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Òfin ìlú ti 1954 fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní àṣẹ láti ní rédíò tirẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kò fi àṣẹ náà ṣeré. Tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, 1959; rédíò WNBS tẹ̀ lé e ní 1960. Orí ìgbì AM ni ó wà, kò sì nílò wáyà. Ẹni tí ó ní rédíò oníbátìrì lè gbé e lọ sí oko.

Ó ṣeni láàánú pé nígbà tí rògbòdìyàn òṣèlú dé, ohùn tí a dá sílẹ̀ kí a lè rí èsì fọ̀ di ohùn ìjọba nìkan. Lẹ́yìn ìbò oṣù Kẹwàá 1965, ọkùnrin kan gbé ìbọn wọ ilé-iṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn, ó sì fi tipátipá fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò ọ̀rọ̀ Olóyè Akíntọ́lá. Wọ́n gbé Wọlé Ṣóyínká lọ sílé-ẹjọ́ lórí ọ̀ràn náà, Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ sì dá a sílẹ̀. Èsì tí a dí lójú ọ̀nà ni ó gba ojú fèrèsé wọlé.

Ní oṣù Kejì 1976, ìjọba ológun pín Ìwọ̀-Oòrùn sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá rédíò tirẹ̀ sílẹ̀, orúkọ WNBS sì di ìtàn.

Lónìí, olùgbọ́ lè fi tẹlifóònù dá sí ètò orí rédíò. Síbẹ̀ asọ̀rọ̀mágbèsì ni púpọ̀ nínú wa ṣì ń pè é. Kí olùkọ́ tí ó bá ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àpẹẹrẹ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ má ṣe gbàgbé ìtàn inú rẹ̀: ẹ̀rọ kọ́ ni kì í gba èsì, ẹni tí ó ni ín ni.