Àkísà Àgbà: Ọkọ̀ Amẹ́ríkà Àtijọ́ àti Àwọn Oníṣẹ́ Ọwọ́ Ṣógúnlé

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìgbà tí àgbà bá fẹ́ fi ọmọdé sípò rẹ̀ la sábà máa ń gbọ́ òwe yìí: o lè lówó, o lè wọ léèsì, ojú rẹ kò tíì rí ohun tí ojú mi rí. Ìtumọ̀ yẹn dára, àmọ́ òwe náà kò tán síbẹ̀. Ó ka àkísà mọ́ ọrọ̀. Owó ló ń ra aṣọ tuntun. Ọdún nìkan ló ń bí àkísà. Àgbà tó bá wá ti da tirẹ̀ nù ńkọ́? Òun àti ọmọdé di ẹgbẹ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Amẹ́ríkà ayé 1950 sí 1960 ni mo fẹ́ fi òwe yìí wò, àwọn tí króòmù ń dán lára wọn láti bọ́ńpà iwájú dé tẹ̀yìn.

Ẹni tó bá gba Agége Motor Road láti Òṣòdì lọ sí Ìkẹjà á kọjá ní Ṣógúnlé, ojú irin á sì máa bá a lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọjà Ládípọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àlòkù, kò jìnnà síbẹ̀. Mẹkáníìkì, rewáyà, wẹ́dà àti panẹ́bítà kì í wọ́n nírú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Ẹ fún panẹ́bítà tó mọṣẹ́ ní òòlù àti irin tí á fi tì í lẹ́yìn, á na ilẹ̀kùn tó ti rún títí tí á fi padà sí bó ṣe wà. Irú ọwọ́ yìí gan-an ni àtúnṣe ọkọ̀ àtijọ́ ń fẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn ọkọ̀ náà fúnra wọn. Harley Earl, olórí àwọn tó ń ya àwòrán ọkọ̀ ní General Motors, ló wo ìrù ọkọ̀ òfuurufú ogun P-38, tó sì mú kí wọ́n fi irú rẹ̀ sẹ́yìn Cadillac ní 1948. Ìrù náà ń ga sí i bí ọdún ti ń lọ títí di 1959, nígbà tí Cadillac fúnra rẹ̀ gùn tó nǹkan bíi mítà 5.7. Àṣejù ni, lójú tèmi, ṣùgbọ́n àṣejù tó wuni.

Ìdí króòmù yẹn ni iṣẹ́ wà. Irin lásán ni bọ́ńpà nísàlẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ fi bàbà bò ó, wọ́n á fi níkẹ́ẹ̀lì lé bàbà, kí króòmù tó wá gẹ̀yìn, nínú omi kẹ́míkà tí iná mànàmáná ń gbà kọjá. Króòmù tí a ń yìn yìí fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ fíìfíì. Níkẹ́ẹ̀lì abẹ́ rẹ̀ ló ń dènà ìpẹtà jù, iṣẹ́ króòmù ni kí níkẹ́ẹ̀lì má bàa ṣú. Bí ihò bíńtín bá lu ú, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ tó ń ti òkun wọ Èkó á wọ ibẹ̀, irin á dípẹtà lábẹ́, gbogbo rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe gbọ́dọ̀ họ ọ́ dànù pátá, kí ó na irin, kí ó yún un, kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbà. Kẹ́míkà tí wọ́n ń lò fún un sì lè fa jẹjẹrẹ fún oníṣẹ́. Abájọ tí ọ̀pọ̀ níbí fi kàn ń fọ́n ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà sí bọ́ńpà. Ó ń dán fún sáà kan, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ á mọ̀.

Àwọn tó mọ iyì àkísà ni ará Havana ní Kúbà. Láàárín 1960 sí 1962 ni Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn òwò mọ́ wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ̀ tó ti wà nílùú ṣáájú ìyípadà ìjọba 1959 nìkan ni aráàlú lè tà fún ara wọn fàlàlà, títí tí òfin fi yí ní 2011. Chevrolet ayé 1950 ṣì ń ná títì níbẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì Lada ará Rọ́ṣíà tàbí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì láti Japan wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ní kì í ṣe ojúlówó mọ́. Èmi ò gbà. Aṣọ tí a lẹ̀, aṣọ oní-nǹkan ṣì ni. Ó sì tún dùn mọ́ mi pé àwọn Lùkùmí, ìran Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀, ṣì ń bọ Ògún, ìkòkò onírin tó kún fún irinṣẹ́ sì ni ojúbọ rẹ̀. Ògún kan náà tí awakọ̀ àti mẹkáníìkì ilé ń bọ.

Níbí, a kò pa tiwa mọ́. Nígbà tí Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì títì bọ́ sí ọ̀tún ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972, ọkọ̀ tí ìdarí rẹ̀ wà lápá òsì bíi ti Amẹ́ríkà ló bá títì mu jù. Ṣùgbọ́n Volkswagen Ọ̀jọ́ àti Peugeot Kàdúná dé, tòkúnbọ̀ tẹ̀ lé e, a sì gé àwọn arúgbó náà: alumíníọ̀mù di ìkòkò ọbẹ̀, irin wọ iná ìléru. Lónìí, òfin aṣọ́bodè ka ọkọ̀ àlòkù tó bá ti ju ọdún 12 lọ léèwọ̀. Mo mọ ìdí rẹ̀, wọn kò fẹ́ kí a di ààtàn ayé. Àmọ́ ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ tó bá ti pé ọdún 25 ni òfin ààbò ọkọ̀ wọn ń yọ̀ǹda fún láti wọlé.

Kì í sì í ṣe gbogbo àkísà la ń rán. Mercedes tí wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Mohammed, olórí ìjọba Nàìjíríà, sí ní ọjọ́ 13 oṣù kejì 1976 wà ní Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Oníkàn pẹ̀lú ihò ọta lára rẹ̀. Panẹ́bítà tó bá dí ihò wọ̀nyẹn ti ba ọkọ̀ náà jẹ́.

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ bàbá yín ṣì wà lẹ́yìnkùlé, ẹ má tà á fún àwọn oní-kòńdẹ́ẹ̀mù. Ẹ wá ìwé rẹ̀, ẹ yọ bátìrì, ẹ ta nǹkan bò ó kí òjò má pa á, kí ẹ sì mú panẹ́bítà gidi wá wò ó kí ẹnikẹ́ni tó fi ọ̀dà kàn án. Kí ìjọba náà ṣí àyè sílẹ̀ nínú òfin ọdún 12 yẹn fún ọkọ̀ tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, kí àwọn ọwọ́ tó wà ní Ṣógúnlé lè rí iṣẹ́ náà ṣe.